Jẹ́sì CSKA 1989/90 tí mo rán ní Òṣogbo: aṣọ ọ̀hún dáa, àwọ̀ ẹ̀ ló ń sá kiri

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tiẹ̀ lọ: jẹ́sì tí ṣọ́ọ̀bù yìí bá mi rán dáa, owó ẹ̀ ò pọ̀ jù, wọ́n mọ aṣọ rán, àmọ́ àwọ̀ ẹ̀ ò gbádùn rárá. Tẹ́ ẹ bá lọ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun, ẹ ti ra ìjà wọlé nìyẹn. Ẹni tó bá ráyè kó jókòó, torí àlàyé pọ̀, ọdún 1994 ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Agbègbè Alékùwodò níbí ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún wà. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ibì kan ń bọ̀ níwájú tí màá ti sọ̀rọ̀ sí wọn, ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà sì jẹ́ ọmọ dáadáa, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni lọ máa bú u. Jẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n ń rán. Ẹ máa fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí wásáàpù, ẹ máa sọ sáà tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ máa san ìdajì owó sílẹ̀, wọ́n á lọ wá aṣọ tó jọ ọ́ lọ́jà, télọ̀ wọn á gé e á rán an, wọ́n á wá fi máṣìnnì gbígbóná yẹn tẹ orúkọ àti nọ́ńbà sẹ́yìn ẹ̀. Super Eagles 94 ni wọ́n ń rán jù, Arsenal ìgbà Kanu ló tẹ̀ lé e. Èmi dé, mo ní CSKA Sofia, sáà 1989/90. Ọmọkùnrin yìí wò mí títí.

"Ẹ̀gbọ́n, kíláàbù ibo nìyẹn?"

"Bùlgáríà."

"Bùlgáríà tá a nà ní 3-0 yẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bùlgáríà yẹn náà ni, ìyẹn gan-an ló gbé mi wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà yẹn, ẹ rántí. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, Dallas ni wọ́n ti gbá a, àmọ́ òru ni lọ́dọ̀ tiwa. Iná ò sí ládùúgbò wa (ìgbà wo ló tiẹ̀ máa ń wà), bátìrì mọ́tò ni bàbá wa so mọ́ tẹlifíṣàn kékeré kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, wọ́n ní kí n lọ sùn mo kọ̀, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àga. Finidi gbé bọ́ọ̀lù kọjá síwájú ilé, Rashidi Yekini tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó wọlé, ó wá lọ ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó ń sunkún ó ń kígbe. Gólì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé ní Ife Àgbáyé láti ọjọ́ táláyé ti dáyé nìyẹn, ẹni tó sì gbá a, ọmọ tiwa tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars n'Íbàdàn rí. Ó kú ní 2012, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Amokachi fi ìkejì lé e, Amunike fi orí kan ìkẹta. Bùlgáríà ò rí ẹyọ kan gbé relé, èyí tí Stoichkov, atamátàsé wọn, gbá wọlé láti fíríkíìkì gan-an, rẹfirí ní kò kà.

Láti òru ọjọ́ yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti dájọ́ pé àwọn ará Bùlgáríà ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Kò sóhun tẹ́ ẹ lè bá wọn sọ. Mo ní ṣebí àwọn yẹn náà ló padà na Argentina 2-0, tí wọ́n na Jámánì tó gba ife ní 1990, tí wọ́n na ìyẹn náà 2-1, wọ́n ní oríire ni. Mo ní Baggio ló gbá gólì méjì sí wa tí Ítálì fi na àwa 2-1, Baggio yìí kan náà ló gbá méjì sí àwọn tí Ítálì fi na àwọn náà 2-1, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ti dé sẹmí-fáínà kí tiwọn tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn ò kan àwọn, ẹni tá a bá ti nà ní 3-0 a ti nà án ní 3-0. Ọgbọ̀n ọdún la ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, ní ìkómọ, ní ìsìnkú, níwájú ẹran iléyá. Nígbà tí wọ́n wá ń múra ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún, mo ní ó yá, jẹ́sì ni màá fi fèsì lọ́tẹ̀ yìí.

Ká ní ti orílẹ̀-èdè Bùlgáríà ni mo rán, wọn ò ní wọ̀ ọ́, wọ́n á ní aṣọ ẹni tá a lù ni mo kó wá. Mo wá rò ó pé ilé tí wọ́n ti tọ́ àwọn ọmọ yẹn dàgbà ni kí n mú wá. CSKA ni ilé ọ̀hún, sáà 1989/90 sì ni ìgbà ìkẹyìn tí àwọn tó le jù nínú wọn fi jọ wà nílé kí ayé tó kó wọn lọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin yìí ń gé aṣọ, ó ní kí n sọ ìtàn ẹ̀ fún òun kóun mọ nǹkan tóun ń rán. Èmi náà ò kọ̀.

Mo ní CSKA, kíláàbù àwọn sójà ni, aṣọ pupa. Levski ni ọ̀tá wọn, aṣọ búlúù, àwọn méjèèjì ń gbé Sófíà. Lọ́dún 1985 wọ́n pàdé ní àṣekágbá ife, ìjà ló bá ọjọ́ yẹn jẹ́, ìjà ẹ̀ṣẹ́ gidi. Ìjọba wọn bínú, wọ́n tú kíláàbù méjèèjì ká, wọ́n fún wọn lórúkọ míì, CSKA di Sredets, Levski di Vitosha, wọ́n sì ní àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́ títí ayé. Ọ̀kan nínú àwọn yẹn ni ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan tó ń jẹ́ Hristo Stoichkov. Borislav Mihaylov tó ń ṣọ́lé fún Levski náà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n dárí jì wọ́n, ẹ wá wo ayé, nígbà tó fi máa di 1994 Mihaylov ni kápútẹ́ẹ̀nì Bùlgáríà, Stoichkov sì ni atamátàsé ẹ̀, wọ́n ti jọ ń jẹun lórí tábìlì kan. (Irun orí Mihaylov yẹn, wíìgì ni o, gbogbo èèyàn ló mọ̀.)

Ọmọkùnrin yìí ní, "Wọ́n ní títí ayé, wọ́n tún wá dárí jì í?"

Mo ní tí ìwọ náà bá lè gbá gólì báyẹn, wọ́n á dárí jì ẹ́.

Sáà 1989/90 yìí wá bẹ̀rẹ̀, ọdún 1989 yìí náà ni orúkọ CSKA padà, Dimitar Penev ni kóòṣì, òun náà ló padà kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 94. Todor Zhivkov ṣì wà lórí oyè, ẹni tó ti ń darí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba látọdún 1954. Ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1989, wọ́n yọ ọ́. Líìgì ṣì ń lọ lọ́wọ́ o! Ẹ wò ó, ìjọba tí wọ́n bí ẹ bá, tó o rò pé ó máa sin ẹ́, ó lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìwọ sì ní bọ́ọ̀lù láti gbá ní òpin ọ̀sẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ máa wá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ ká ní èmi ni. Lyuboslav Penev tí wọ́n jọ ń gbá iwájú ti lọ sí Valencia kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn á rò pé gólì máa dín kù. Stoichkov gbá méjìdínlógójì wọlé. 38! Nínú líìgì tó jẹ́ pé ìdíje 30 péré ni kíláàbù kọ̀ọ̀kan máa gbá.

Ibí yìí ni ọmọkùnrin náà dá sísọ́ọ̀sì dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn yẹn ní aṣọ́lé ni?"

Mo ní wọ́n ní aṣọ́lé. Kò sẹ́ni tó gbá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo Yúróòpù lọ́dún yẹn, Hugo Sánchez ti Real Madrid nìkan ló bá a dé ibẹ̀, òun náà 38, wọ́n jọ pín bàtà wúrà. CSKA sì gba líìgì. Emil Kostadinov wà pẹ̀lú ẹ̀ níwájú, Kostadinov tó jẹ́ pé òun ló padà gbá méjì wọlé ní Paris ní oṣù kọkànlá 1993, ìkejì ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn pátápátá, tó fi já Faransé kúrò nínú Ife Àgbáyé. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn ò wọlé, àbí ta ni Yekini ì bá gbá tiẹ̀ sí? Trifon Ivanov wà lẹ́yìn, adílémú onírùngbọ̀n tí wọ́n ń pè ní ìkookò, tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀ ẹ máa mọ̀ pé orúkọ yẹn bá a mu.

Kò sì wá jẹ́ pé wọ́n kó gbogbo ẹ̀ tán o. Ní Yúróòpù, Marseille dá wọn dúró ní kọ́tà-fáínà. Ní àṣekágbá ife ilé, Sliven lù wọ́n 2-0. Sliven! Gbogbo gólì yẹn, ọ̀gá àwọn sójà, wọ́n wá lọ ṣubú síwájú kíláàbù ìlú tí kì í ṣe Sófíà. Èmi fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ìtàn náà lọ, torí Sliven ni Yordan Letchkov wà nígbà yẹn, apárí tó padà fi orí kan gólì tó lé Jámánì lọ ilé ní 94. Ó ṣe méyọ̀ ìlú Sliven nígbà tó yá.

Ìgbà tí sáà parí báyìí, ilẹ̀kùn ti ṣí, wọ́n fọ́n ká. Stoichkov lọ sí Barcelona, Kostadinov lọ sí Porto, Ivanov lọ sí Betis. Ọdún tó tẹ̀ lé e Etar, ìlú Veliko Tarnovo, ló gba líìgì, Balakov, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ 94 yẹn, tó wà níbẹ̀ náà ò dúró kí wọ́n parí ẹ̀ kó tó gba Potogí lọ. Àfi bíi líìgì ilé wa níbí, tọ́mọ kan bá ti gbá gólì mẹ́wàá ó ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba físà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí jẹ́sì.

Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ Stoichkov sẹ́yìn, nọ́ńbà 8 tó wọ̀ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà àwọn ará Bùlgáríà fúnra wọn: СТОИЧКОВ. Mẹ́fà nínú lẹ́tà mẹ́jọ yẹn ò ní wàhálà, wọ́n jọ C àti T àti O àti K àti B tiwa. Ó ku èyí tó dà bíi N tó kọ ẹ̀yìn síni, ó ku èyí tó dà bíi 4. Kọ̀ǹpútà wọn ò ní in, àbí ó ní in wọn ò mọ ibi tó wà, mi ò lè sọ.

Nǹkan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n tó gé lẹ́tà tí wọ́n máa tẹ̀ mọ́ aṣọ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ojú ẹ̀ padà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, torí wọ́n máa da rọ́bà yẹn dé kí iná tó kàn án. Ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé yí i, òdì ló máa jáde. Ọmọṣẹ́ wọn kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa gbàgbé. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan tí mo fi ń bá ọmọ yìí jà lójoojúmọ́ lẹ wá fi owó rà yìí o." Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ó yá, ṣe aṣìṣe ẹ." Ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bí ọkọ ìyàwó. N tó kọ ẹ̀yìn jáde, ó mọ́ roro.

Ti ìkejì, ọ̀gá wá nọ́ńbà 4 kan tí orí ẹ̀ ṣí, ó fi bíléèdì rẹ́ ìrù kékeré tó yọ sí apá ọ̀tún ẹ̀ kúrò, ó gbé e sókè sí iná, ó di ojú kan. Ó ní, "Ṣé ó ti jọ ọ́?" Ó jọ ọ́. Ẹni tó bá lè ṣe irú èyí fún oníbàárà tí ò mọ̀ rí, mo fún un ní máàkì tó pọ̀, kí n má parọ́.

Owó ẹ̀, ₦14,000, mo san ₦7,000 sílẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún, ó di ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ní iná ni, wọ́n ní télọ̀ lọ sí Ìkìrun fún ìsìnkú, wọ́n tún ní iná ni. Tẹ́ ẹ bá ní òde pàtó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ yáa parọ́ ọjọ́ fún wọn, ẹ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà tó jẹ́ oṣù tó ń bọ̀. Èmi mọ ìwà télọ̀, ìyẹn ló gbà mí.

Nígbà tó wá jáde, kò sí nǹkan tí mo fẹ́ sọ sí ìránṣọ ẹ̀. Ọrùn ẹ̀ jókòó dáadáa, wọ́n wíìfù inú ẹ̀ débi pé ẹ ò ní rí òwú tó yọ, aṣọ ẹ̀ fúyẹ́, kò dán gbinrin bí àwọn jẹ́sì tí wọ́n ń kó sí etí títì ní Ọláìyá. Báàjì tí wọ́n fi òwú ṣe, ìràwọ̀ ẹ̀ pé ẹsẹ̀ márùn-ún, mo kà á. Ó gba Bọ̀ọ̀dá Àgbà pẹ̀lú ikùn wọn.

Wàhálà dé nígbà tí mo fọ̀ ọ́. Gúlúù ń rùn lára ẹ̀, mi ò sì fẹ́ gbé nǹkan tó ń rùn fún àgbàlagbà, ni mo bá jù ú sínú báàfù pẹ̀lú jálàmíà funfun tí mo fi ń lọ kírun Jímọ̀. Mo lọ gba ìpè. Kí n tó padà dé, omi ti di zóbò. Jálàmíà mi di pinki, ìyàwó mi gbé e sókè, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní òun á bá mi wá gèlè tó bá a mu.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣì ń bínú o. Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ yẹn sọ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ṣebí Òṣogbo ìlú aró lẹ̀ ń gbé." Ẹ gbà mí! Ìlú tí wọ́n ń kì ní aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun, ó wá di àwíjàre fún aṣọ tó ń ṣí. Mo ní ṣé aró àwọn ìyá wa máa ń ṣí báyìí, ó ní rárá. Mo ní ṣé o rí i. Ó dákẹ́. Ó ní òun á dá ẹgbẹ̀rún méjì padà fún mi, ó sì dá a padà lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo gbọ́ álàátì kí n tó gbé fóònù sílẹ̀. Àmọ́ owó jálàmíà ju ẹgbẹ̀rún méjì lọ, ìwọ náà mọ̀. Kí ló dé tí wọn ò sọ fún èèyàn kó tó gbé e lọ? Bébà pélébé kan péré ni, "ẹ dá a fọ̀", kí wọ́n fi pín-ìnì há a mọ́ ọrùn ẹ̀, ó tán.

Ìyá aláàdìrẹ tó wà ní ojú ilé kejì sí tiwa ló gbà mí sílẹ̀. Wọ́n ní kí n rẹ ẹ́ sínú omi tútù pẹ̀lú iyọ̀ tó pọ̀, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí n má fún un, kí n sá a síbi tí oòrùn ò dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é kí omi tó mọ́. Wọ́n tiẹ̀ fọwọ́ pa aṣọ náà, wọ́n ní aró inú ẹ̀ ò burú, ẹni tó pa á láró ló ń kánjú. Lẹ́tà ẹ̀yìn ò ṣí rárá pẹ̀lú gbogbo rírẹ yẹn, àfi ẹsẹ̀ 4 tí wọ́n fi bíléèdì gé yẹn, ó gbé etí díẹ̀, mo fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ padà.

Ọjọ́ ìbí dé. Bọ̀ọ̀dá Àgbà tú aṣọ, wọ́n na apá, wọ́n ka ẹ̀yìn ẹ̀ sókè níwájú àlejò: "C, T, O... nọ́ńbà mọ́tò ta lo kọ sí mi lẹ́yìn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti gólì 38, mo sọ ti bàtà wúrà, mo sọ pé ọkùnrin yìí ló gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Yúróòpù, ní 1994 yẹn náà, tó sì jẹ́ pé ní Ife Àgbáyé ọ̀hún gólì mẹ́fà ló gbá, òun àti Salenko ti Rọ́ṣíà ló jọ ṣe kìíní. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wọ̀ ọ́, wọ́n jẹ àmàlà ẹ̀, ọbẹ̀ kan ò ta sí i.

Ọjọ́ kẹrin ẹ̀, mo bá wọn ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ilé wọn, pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn, àwọn ọmọ kéékèèké yí wọn ká. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mo gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ní, "Ẹ rí ọkùnrin tí mo wọ orúkọ ẹ̀ yìí? Gólì méjìdínlógójì ló gbá nínú sáà kan! Òun ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní gbogbo Yúróòpù! Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ mi, ìgbà tó dé iwájú Nàìjíríà ńkọ́?"

Àwọn ọmọ ní, "Ìgbà tó dé iwájú Nàìjíríà ńkọ́, Bàbá?"

"3-0!"

Wọ́n rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n ní ti Yekini ló kù báyìí, aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà 9. Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọmọ Alékùwodò, mo ti san ìdajì, ó ní ọjọ́ márùn-ún. Mo ti ra iyọ̀ sílé.